Abọ́ Genge Kan Níwájú Fọ́tò Rẹ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì
Shigeo, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí o kú rèé. Mo padà síbi tí a ti ń ṣa ẹja ní èbúté. Genge ni wọ́n kó dé – ẹja kékeré ìsàlẹ̀ òkun, ara rẹ̀ bí ikun imú, èyí tí àwọn baba wa máa ń dà padà sómi. Ìwọ nìkan lò ń pè é ní Ọmọge. Kawabe àgbà tá a jọ ń ṣa ẹja ní, "Ìyàwó, o ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò o. Ọkọ ẹ ṣì wà nílé, ó ń wò ẹ́." A rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Kò sí ẹja, kò sí ẹran, títí di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí òkú máa ń kúrò nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá rẹ ní kí n kó ẹní mi lọ sí yàrá tí pẹpẹ àti fọ́tò rẹ wà. "Mo ti darúgbó. Ìwọ ni wàá máa sun tùràrí fún un títí wàá fi kú." Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ìlú. Ojú ewé kan péré. Tí mo bá ti buwọ́ lù ú, èmi àti ìyá rẹ ò bá ara wa tan mọ́ – kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Má bínú. Inú bàtà rọ́bà rẹ lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi pamọ́ sí. Ta ló tún máa wọ̀ ọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 16
Yìnyín. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Mo se ọbẹ̀ genge, mo gbé abọ́ kan síwájú fọ́tò rẹ. Ó sì ku ọjọ́ márùn-ún. Òun lo bèèrè ní ọsibítù, mo ní tó o bá délé. Ìyá wọlé bá mi. Mo rò pé á dà á nù ni. Ó jókòó, ó gbé abọ́ náà, ó mu ún tán.
"Iyọ̀ ò tó," ó ní. "Ó fẹ́ràn iyọ̀."
Ó wá ní, "Ìwé yẹn, yìnyín ti rin ín. Mo ti fi iná yá a, ó ti gbẹ."
Mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà.
"Àràárọ̀ ni mò ń nu bàtà ọmọ mi. Kí lo rò?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Ọjọ́ pé. Àlùfáà ti lọ. Ìwọ náà ti lọ. Ìyá tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi bírò lé e, ó wá kó ẹní tirẹ̀ lọ sí yàrá pẹpẹ. Láti ọ̀sán ni mo ti jókòó síwájú ìwé náà.
Ká ní Ìyá fà á ya ni, ǹ bá ti lọ.