Ihò Ara Ewé Wọ̀rọ̀wọ́

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù lọ,

Mi ò mọ ẹni tó ń ka ìwé fún yín níbi tí ẹ wà. Àwọn àlùfáà ní òkú máa ń gbọ́ tí a bá kí i. Ìwé kan tí mo kà ní kì í gbọ́ nǹkan kan. Mi ò tíì mọ èyí tí màá gbà nínú méjèèjì, àmọ́ mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, nínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí kí n tó sùn, nítorí pé Sàfú bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sàn-án òní tí mi ò lè dáhùn. Ẹ̀yin ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Sàfú lóyún. Àbúrò mi kékeré tí ẹ máa ń gbé jókòó sórí tábìlì máṣìn yín, tó máa ń kó gbogbo ẹ̀là aṣọ sínú àpò rẹ̀, òun náà ti ń múra láti di ìyá. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Yemẹtu ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kí èyí tó dúró, ẹ̀rù sì ń bà á débi pé kì í rìn kíákíá, kì í rẹ́rìn-ín sókè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ni wọ́n wí. Nítorí náà, èmi ni mo gba oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Tí mo bá ti kúrò ní iléèwé, ó di Ọjà'ba.

Ìyá Olóko ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Màpó. Àtẹ rẹ̀ kò yí padà. Kò sí ohun tó jáde láti inú páálí níbẹ̀, oko ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Oyin wà nínú ìgò tí ó fi ṣùkù àgbàdo dí lẹ́nu. Òrí wà nínú ewé. Olú wà níbẹ̀ tí erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti irú tí òórùn rẹ̀ ń pàdé ènìyàn lọ́nà. Àgbáyun náà wà, èso pupa kékeré yẹn tí ẹ máa ń fi sí mi lẹ́nu kí ẹ tó fún mi ní ọsàn kíkan, tí ọsàn náà á sì dùn bí oyin. Mo ti di tíṣà, mo ṣì ń ra àgbáyun. Tí mo bá dé ibi àtẹ yẹn, inú mi máa ń dùn bí inú ọmọdé lọ́jọ́ Iléyá.

Ẹ̀yin lẹ fi ojú mi mọ ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin Bẹẹrẹ a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá rí apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

“Télọ̀! Ṣé ìyàwó rẹ ti gba máṣìn lọ́wọ́ rẹ ni?”

“Ó ti gbà á,” ẹ̀yin á wí. “Mú ṣòkòtò rẹ lọ bá a.”

Ewé wọ̀rọ̀wọ́ lẹ fẹ́ràn jù, ẹ kì í sì í ra èyí tó dán. Ẹ ó mú ewé kan, ẹ ó gbé e sókè sí oòrùn, ẹ ó máa wá ihò tí kòkòrò jẹ. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹnì kan ti tọ́ ọ wò ṣáájú wa, kò sì kú.” Ìyá Olóko á ké pe àwọn tó jókòó tì í. “Ẹ wá wò ó o! Gbogbo ayé ń wá èyí tó mọ́, òun ń wá àjẹkù kòkòrò. Bàbá Alájẹkù!” Orúkọ yẹn mọ́ yín lára títí dé ojú oórì.

Ibi tó dùn parí síbẹ̀.

Nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, apẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mi. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, ojú sì ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí mi ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú ewé tó rí bí asẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni ewé Ìyá Olóko bẹ̀rẹ̀ sí í dára sí i. Ó fẹ̀, ó tutù, kò ní àpá kan. Ó ní inú oko kòkó ọkọ ọmọ òun ni, pé abẹ́ igi kòkó ni wọ́n ti ń já a. Mo rà á, mo gbé e wálé, mo sè lára rẹ̀, mo fi ìyókù lé yín lọ́wọ́. Ẹ fi ìka tẹ ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò bínú. Ẹ kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mu gààrí sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú abẹ́rẹ́ ńlá tí ẹ fi ń rán àpò, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé nítòsí kànga, mo to ewé márùn-ún márùn-ún lé ara wọn kí iṣẹ́ náà lè yá, mo sì ń lu wọ́n ní ihò. Nígbà tí mo gbé wọn fún yín, ìka yín bọ́ sójú ihò kan. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ní kí n lọ sè é. Ẹ wí Bísímílà, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ súre fún mi pé n kò ní ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é títí ọdún fi yí po.

Ẹ rántí bí ó ṣe parí. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ife fi ń dà sí yín láyà. Inú ń run yín, ẹ ń bì. Dókítà ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ló pé. A sin yín kí oòrùn tó wọ̀, a ṣe sàráà, mo sì gba ohun tí gbogbo wọn wí. Èmi tí mo máa ń bi ìwé ní ìbéèrè, kí ló dé tí mi ò bi èyí?

Oṣù tó kọjá ni mo rí agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ Ìyá Olóko. Ó ti fi ìṣó lu ìdí rẹ̀, ó ń fi í wọ́n omi sí ewé kí oòrùn má baà mú un rọ. Ó yí agolo náà padà, mo rí àwòrán orí òkú lára rẹ̀, pẹ̀lú egungun méjì lábẹ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ni, èyí tó ń pa kòkòrò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé májèlé ni, pé kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ, pé kí wọ́n ri agolo náà mọ́lẹ̀ tó bá ti tán.

“Ìyá, níbo lẹ ti rí èyí?”

“Ọkọ ọmọ mi ló fún mi. Ó nípọn, kì í jò.”

“Ẹ ò rí orí òkú lára rẹ̀ ni?”

“Tíṣà, mo fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Òkú wo ló tún kù níbẹ̀? Ẹ̀rù ìwé ni yóò pa ẹ̀yin alákọ̀wé.”

“Ṣé wọ́n ń fín oògùn yìí sórí ewé tí ẹ ń tà?”

“Rárá o! Orí igi ni wọ́n ń fín in sí. Ìsàlẹ̀ ni ewé wà.”

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wo àtẹ náà, kò sí eṣinṣin kan lórí ewé. Ewúrẹ́ rẹ̀ tí ó máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ, tó máa ń jẹ ewé tó bá já bọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò béèrè ibi tó lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé àbúrò mi lóyún, kí ó ju agolo náà nù, kí ó sì bá mi wá ewé láti oko tí wọn kì í fín oògùn sí. Ó ní báwo ni òun ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo ní kí ó wá èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ojú rẹ̀ rọ̀ nígbà tó gbọ́ èyí. “Ọmọ Bàbá Alájẹkù! Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Torí olóògbé, màá wá a.”

Nígbà tí mo padà lọ, agolo náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì ti di ewé oníhò pa mọ́ dè mí. Mo gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn bí ẹ ti máa ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sàfú jẹ ẹ́.

Lónìí, mo gbé ẹ̀kẹrin lọ sí Yemẹtu. Sàfú jókòó lórí ẹní, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tó sè láti inú ti àná, èmi sì ń ṣa tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ inú òun ti ń sùn láti àárọ̀, pé ó jọ pé ọ̀lẹ ni, pé ó jọ bàbá rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Mo mú ewé méjì, mo sì fi ọ̀kan lé èkejì láìro nǹkan kan. Ihò wọn bá ara mu. Mo mú ẹ̀kẹta lé e. Ó bá a mu. Ihò náà rí roboto, gbogbo rẹ̀ tóbi bákan náà, etí rẹ̀ kò rí jágbajàgba bí ibi tí kòkòrò ti jẹ. Ẹni tó ṣe é ti to ewé márùn-ún márùn-ún lé ara wọn kí iṣẹ́ náà lè yá.

Bàbá, mo mọ iṣẹ́ náà. Mi ò lè bínú sí Ìyá Olóko. Ó fẹ́ kí inú mi dùn ni, kò sì gbà pé ewu kankan wà níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí inú yín dùn.

Mo gba àwo lọ́wọ́ Sàfú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni méjì ni ebi ń pa o.”

“Má jẹ ẹ́ mọ́. Oògùn kòkó wà lára ewé yìí. Kòkòrò kọ́ ló jẹ ẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lù ú.”

Ó gba ewé náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Òun náà ọmọ télọ̀ ni.

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni?”

Mo dìde. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo da ẹ̀fọ́ inú ìkòkò àti ewé tuntun sínú rẹ̀, mo fi òkúta lé e nítorí adìyẹ. Lẹ́yìn náà, mo mú Sàfú lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ gbogbo ohun tó jẹ fún wọn, mo kọ orúkọ oògùn náà sí ìwé. Agbẹ̀bí gbé ohun èlò rẹ̀ lé ikùn Sàfú, ó fi etí sí i. Ó sún un sí ìsàlẹ̀, ó tún fi etí sí i. Ó pẹ́. Ó ní òun gbọ́ bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù, àmọ́ kò lágbára bí òun ṣe fẹ́, kí a padà wá láàárọ̀ kùtù, kí dókítà wò ó. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Bàbá, ohun kan wà tí mi ò rò rí títí di òní. Láti kékeré ni abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín. Ojú yín ṣókùnkùn, àmọ́ ẹ ṣì ń fi ọwọ́ nìkan mọ ibi tí ìránṣọ ti já lára ẹ̀wù. Ṣé ìka yín lè ṣàìmọ ihò abẹ́rẹ́? Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí ó pẹ́ lójú ihò náà, kí lẹ ń rò? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kàn jẹ ẹ́ kí ojú má baà tì mí? Ìre tí ẹ sú fún mi lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ìre ni?

Nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, Sàfú kò bi mí mọ́. Ó kàn di ọwọ́ mi mú lójú ọ̀nà. A ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń sún láti ibì kan sí ibòmíràn, bí ìka yín ti máa ń ṣe lára ewé.

Kí a tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀, màá dá a lóhùn. Ẹ bá wa tọrọ ọmọ náà, tí òkú bá ń tọrọ nǹkan.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì lu ewé yín ní ihò.