Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Afẹ́fẹ́

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, òtútù ibí náà ti mọ́ mi lára. Àbúrò mi Salahudeen ní omi tún ti wọ yàrá yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ sì kọ̀ láti bá ẹ̀gbọ́n mi Mariyah lọ sí Ìkòròdú. Ó ní ẹ ń sọ fún gbogbo agbo ilé pé, "Ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń tún ojú ọjọ́ ṣe. Kí ni mò ń sá fún?" Ó wá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àǹtí Qaanitah, mẹkáníìkì òfuurufú!" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Iṣẹ́ wa dára, Màámi. Ẹ̀rọ wa ń fa afẹ́fẹ́, ó ń yọ èéfín tó ń mú ayé gbóná kúrò nínú rẹ̀, a sì ń tì í mọ́ inú àpáta. Ọ̀gá mi ní àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìwé kan tí mo kà sọ pé ohun tí a ń yọ kò tó nǹkan lára èyí tí ayé ń tú jáde lójoojúmọ́. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́, orí mi sì dàrú. Láti oṣù tó kọjá, ẹ̀rọ náà ń sinmi. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Èmi náà ń sinmi.

Ẹ má dákẹ́ àdúà. Ẹ bá mi kí Salahudeen. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Mariyah dáadáa, kí ẹ sì bá mi bi í bóyá yàrá tó ní kí ẹ wá gbé ṣì ṣófo.

Ọmọ yín,
Qaanitah