Má Yọ Ọmọ Náà Nílé Ìwé

Àbúrò mi obìnrin, ara mi le níbi tí mo wà yìí. Mò ń jẹun, mò ń sùn, má dààmú. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, "Bàbá, ẹ má ka iye ìgbà tí mo dìde o."

A mú un lọ rí dókítà nítorí kì í parí iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní ọmọbìnrin tó nírú rẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Iṣẹ́ kan ni ká máa rán an lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹnì kan ti ṣe báyìí rí nínú ẹbí yín?" Mo ní rárá.

Irọ́ ni mo pa. Ìwọ ni mo rántí. O máa ń ro ebè méjì, wàá fò lọ sórí ìkẹwàá. Èmi ni mo ní kí bàbá wa yọ ìwọ nílé ìwé. Kí n tó kúrò nílé, mo tún ní kí o yọ ọmọ rẹ obìnrin nílé ìwé, torí ó ń ṣe bíi tìrẹ.

Má gbọ́ tèmi mọ́. Mú un lọ rí dókítà.

Bá mi kí i. Mo kí ìwọ náà, bí o bá ṣì fẹ́ gbọ́ kíkí mi.