Ikọ́ Tanímọ̀la, Ajá Wa
Àbúrò mi Ọ̀ṣúndáre, mo ti lọ sódò, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni Baba Ògúnyẹmí alágbẹ̀dẹ wá láti mú ọmọ ajá wa, Tanímọ̀la, fún ọdún Ògún ọ̀la. Mo ní, "Baba, ajá tó ń wúkọ́ bí arúgbó yìí lẹ fẹ́ fún Ògún?" Ó bínú lọ, ó ní òun ń padà bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ikọ́ ọ̀hún sì ti ń rọlẹ̀! Síbẹ̀, fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní oyin kó lè san pátápátá. Má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, má sì jẹ́ kó fa èéfín. Bí Baba bá dé, gbé e wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, kí o máa wúkọ́ dípò rẹ̀, kí Baba lè gbọ́ ọ níta. Má sọ pé o ò mọ̀ ọ́n wú. Ṣebí gbogbo ìgbà tí oko bá yá lo máa ń wú u.