Ẹní Ìyá Ọkọ Mi ní Aneho

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Jámánì là ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ìyá ọkọ mi ní Aneho, ní ilẹ̀ Tógò, la ti ń ṣe Kérésìmesì. Orí ẹní kan ni gbogbo ọmọ-ọmọ ń sùn. Lọ́dún tó kọjá, mo so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo Dede mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá ní, "Ìyàwó, ṣé ẹja lọmọ ọ̀hún ni?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó tú u.

Ibà ló pa ọmọ mi.

Ní báyìí Ìyá tún pè: "Ẹ gbé Kokoe wá. Àyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní." Ọkọ mi ní kí n fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kójú má baà ti ìyá òun.

Ẹ̀yin abiyamọ, ṣé kí n tún tẹ́ ọmọ sórí ẹní yẹn?