Fáànù Káfíńtà Ń Jẹ Afẹ́fẹ́ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé onílé yín ti wá tún ẹ̀rọ omi yẹn ṣe àbí ó ṣì ń purọ́ fún yín? Ara tèmi le, ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí, ìyẹn náà sì ti mọ́ mi lára. Gbogbo ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ fáànù gogoro tí ilé-iṣẹ́ iná rì mọ́ ilẹ̀ wa, tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lóṣù tó kọjá, ẹnjiníà wọn wá, ó ní ọ̀lẹ ni fáànù tèmi, iná ẹ̀ ò tó ìdajì ti káfíńtà tá a jọ pààlà, wọ́n á hú u lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san lórí ẹ̀ ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí ẹ̀yìn ò ti jẹ́ kí n lè fọṣọ púpọ̀ mọ́. Mo sọ fún un lójú ẹ̀ pé káfíńtà ló ń jalè. Tiẹ̀ ló wà níwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, á jẹ ẹ́ tán kó tó kàn mí. Káfíńtà gbọ́, ó wá bi mí pé àpò ṣòkòtò òun wo lòun kó afẹ́fẹ́ sí. Mo ní kó yí àpò náà síta ká wò ó. Ó yí i, ìṣó ló dà sílẹ̀.

Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹnikẹ́ni ò lè jí afẹ́fẹ́. Mo ní ìwọ ò fọṣọ fáráyé rí. Mo sá ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan síta gbangba, ọ̀kan sẹ́yìn búláńkẹ́ẹ̀tì, oòrùn ò sì ràn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jókòó. Nígbà tó yá, tìta ti gbẹ, tẹ̀yìn búláńkẹ́ẹ̀tì ṣì ń kán tótó. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ló padà dé, ó tẹ fóònù, fáànù káfíńtà sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ wá ráyè kọjá sọ́dọ̀ tèmi. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fi fóònù yẹn pe ìyàwó ẹ̀ o, kí fáànù má lọ dáhùn. Láti ìgbà náà ni tèmi ti ń yí fìrì fìrì. Ti káfíńtà dín díẹ̀, àmọ́ iná àwọn méjèèjì pa pọ̀ ti ju tàtẹ̀yìnwá lọ, wọn ò sì hú tèmi mọ́. Mo ti sọ fún káfíńtà pé kì í ṣe olè, ó kàn ń dínà ni. Ó ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Mo ní èyí tí mo ní nìyẹn.

Wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹnjiníà fẹ́ kọ onílẹ̀, mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ alágbàfọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ fáànù mẹ́fà tó wà lórí òkè wò lọ́jọ́ Ajé. Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tí kì í yọ̀, nítorí sílípáàsì ni mo ní. Awakọ̀ tó ń bọ̀ nílé ni kó o fi rán o, má gba orí fóònù.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síwájú ire ẹ.

Èmi ni, ìyá ẹ.