Ìbọn Inú Géèmù àti Ẹ̀wà Màmá

Sátidé, oṣù Kẹjọ, 1994

Ó ṣiṣẹ́! Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí akọni inú géèmù tí mo fẹ́ràn jù máa ń gbé, èmi náà ti ní i. Páìpù omi ni mo fi ṣe ẹnu rẹ̀. Síríńjì ńlá tí Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rà fún mi ló ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Mo kùn ún ní yẹ́lò, kí ọlọ́pàá má baà rò pé ìbọn gidi ni.

Láàárọ̀, ó fẹ́ dójú tì mí. Màmá ń ṣa ẹ̀wà, mo bá kó èyí tí wọ́n dà nù, mo fi ṣe ọta. Gbogbo ìgbà tí mo bá yìn ín, ìyẹ̀fun ló ń tú jáde! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ìbọn yẹn palẹ̀, tí mò ń wá ibi tó ti bàjẹ́.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀ tán lo fẹ́ fi jagun?" Wọ́n mú ẹyọ kan tó dáa fún mi látinú àwo wọn.

Mo yìn ín, agolo mílíìkì tí mo gbé sórí fẹ́ǹsì fò lọ!

Màmá tó ní kí n jáwọ́ nínú eré ọmọdé! Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n ní, "Gbé e wá."

Búrẹ́dì la jẹ lọ́sàn-án. A ti yin gbogbo ẹ̀wà tán.